Agbada Ìyá Sàídì

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

"Oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀tá ìdàgbàsókè." Alága ẹgbẹ́ onílé wa ló sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé àná. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo ṣe bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Láàárọ̀ yìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tó rán wá gbé agbada Ìyá Sàídì, tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ bisikíìtì l'Àgídìngbì. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ àkàrà náà yó ná. Ọ̀kan tilẹ̀ béèrè ènì.

"Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Òun nìkan ni mo ní."

Mo bẹ̀ wọ́n. "Bàbá, òfin ni," ni ọ̀gá wọn wí, àkàrà kún ẹnu rẹ̀.

Obìnrin náà ti rẹ ẹ̀wà ọ̀la sómi. Kí ni yóò fi dín in?