Búrẹ́dì Nínú Orí Mi

Màámi,

Ara mi le, oúnjẹ ń wọlé dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló rí mi lára ní ilé ìwòsàn Auckland níbí.

Wọ́n ya àwòrán inú orí mi sínú kọ̀ǹpútà. Bí dókítà bá fi awò ńlá kan bojú, á máa rìn kiri nínú rẹ̀ bí ẹni wọ yàrá. Lánàá, Dókítà Fenwick ń rìn níbẹ̀, ó sì ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran! Ẹ̀yin tí ẹ gbá mi létí nítorí pé mo gbé fìlà sórí tábìlì oúnjẹ, torí pé orí wa jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ tí oúnjẹ kò gbọdọ̀ sún mọ́!

Mo pariwo: "Ẹ gbé búrẹ́dì yín jáde nínú orí mi!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tāmihana, àwòrán lásán mà ni."

"Orí ta ni ẹ wá yà?"

Ó ju búrẹ́dì nù, ó lọ fọwọ́, ó wá fi ibi tí kókó tó hù sínú ọpọlọ mi wà hàn mí. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń wá. Kókó kékeré ni, ẹ má dààmú. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n máa yọ ọ́.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi, Ngāhuia. Tí mo bá délé, tó bú mi, tí n kò fèsì, kó má rò pé mo ti gbà fún un o.

Ọmọ yín,
Tāmihana