Ọ̀pá Ìwọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọmọ́tọ́ṣọ́,

Má wá mi kiri. Mo wà létí omi lẹ́yìn abúlé Àgọ́. Ọ̀pá ìwọ̀ mi àtijọ́ ni mo mú lọ, èyí tí kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ kì í yí bí mo bá ju ìwọ̀.

Tuntun tó o fi àfikún owó oṣù Údójì rà fún mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo jù ú wò nínú ọgbà láàárọ̀ yìí. Kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ ń sáré, àtàǹpàkò ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó má baà sáré jù. Okùn lọ́ pọ̀ bí irun ọmọ tó sá fún òòyà. Àtàǹpàkò mi ti kú látọjọ́ tí ayùn ti gé e. N kò sọ fún ọ rí.

Tìrẹ ṣì yè. Tú okùn náà, kó o gbé ọ̀pá náà tẹ̀ lé mi. Àpótí ìjókòó méjì ni mo gbé lọ.

Bàbá rẹ