Búrẹ́dì Ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́

                              Ilé Àlejò Etíkun,
                              Cefalù, Sísílì.
                              20 Oṣù Kẹta, 1987.

Onofrio, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ yẹn, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀ díẹ̀? Òtútù Torino kò mọ àgbà o, jọ̀wọ́ máa wọ ẹ̀wù tó nípọn. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

O mọ ohun tó gbé mi wá. Láti ìgbà tí Marisa ìyàwó mi ti kú, mi ò rẹ́ni bá jẹun mọ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àbí? Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi Crocifissa fún mi ní yàrá kan nínú ilé bàbá wa, kí n máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Láti ọmọ ogún ọdún tí mo ti kúrò, a ò fojú kanra mọ́. Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mo ní kí n yà á lẹ́nu.

Àná ni mo dé. Láti ibùdó rélùwéè títí dé ìsàlẹ̀ ìlú, kò sẹ́ni tó kí mi. Mo kan ilẹ̀kùn, mo wá gbé ohùn àwàdà wọ̀: "Ẹ ṣílẹ̀kùn o! Àlejò ni mí, ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá, ẹ fún mi láyè!"

Ohùn Crocifissa ni mo gbọ́: "Kò sáyè níbí! Ẹ wá ibòmíràn lọ!" Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Háà! Onofrio, omi bọ́ lójú mi. Mo gbé báàgì mi.

Ní kọ́nà ni mo pàdé bàbá arúgbó kan tó mú ọ̀pá dání, òun àti ọmọbìnrin kan tó da aṣọ búlúù borí, pẹ̀lú ọmọ kékeré kan. Èrò ń wọ́ tẹ̀ lé wọn. Yéè! Ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ mà ni! Lọ́dọọdún, bí àwọn tó ń ṣeré Ìdílé Mímọ́ bá ń wá ibi wọ̀ sí, ilé méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lé wọn, ìkẹta ni yóò gbà wọ́n, tí yóò sì bọ́ gbogbo ẹni tó bá dé. Ilé tiwa ni ilé àkọ́kọ́ láti ayé bàbá wa! Crocifissa ṣe bí àwọn ló dé ni. Èmi tí mo fi kékeré kígbe ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti gbàgbé pátápátá. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ilé ìkẹta ṣílẹ̀kùn, Crocifissa wá bá àwọn obìnrin yòókù bu oúnjẹ. Ó ti darúgbó, Onofrio. Ó bu makaróónì kún àwo mi, ó sì wò mí lójú kòrókòró.

"Ẹ jẹun dáadáa, bàbá. Ẹ má tijú. Níbo lẹ ti wá?"

"Torino," ni mo wí. Mo rò pé ìyẹn á tó.

"Ẹn-ẹ́n! Àbúrò mi wà níbẹ̀. Gaspare. Àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ wà ní pálọ̀ mi, ọkùnrin tó rẹwà ni, irun rẹ̀ dúdú kirikiri. Bóyá ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ìwọ náà ṣáà mọ orí mi, kò ku irun kan níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo mi orí pé rárá.

Bí mo ṣe dìde, ó sáré di búrẹ́dì ọdún kan lé mi lọ́wọ́. "Ẹ mú un lọ fún àwọn ará ilé yín," ló wí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí àwọn tá a jọ ń ta káàdì. Búrẹ́dì náà ló wà níwájú mi yìí, mi ò tíì gé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tí mo lè pè ní ará ilé mi, òun náà ló sì dì í fún mi.

                              Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                              Gaspare.