Ìlédìí fún Ọmọ Ẹ̀yìn Ògiri

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta 2019

Mo ti di aránṣọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín tiẹ̀ tán. Èmi Mukiibi, tí mi ò mọ̀ ju ṣéènì kẹ̀kẹ́ àti gírísì lọ, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi lónìí, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí ní èékánná. Ẹ̀jẹ̀. Mo ti sọ ẹ̀rọ náà ní Arọ, torí ó ń tiro bó ṣe ń lọ.

Màmá ló fà á. Ìyá ìyàwó mi. Rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n nígbà Kérésì, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò gbọ́ràn mọ́. Nassuuna nìkan lọmọbìnrin tí wọ́n bí. Nassuuna sì wà ní Ómáànì nílẹ̀ Lárúbáwá, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́jú níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ò ní í tú u sílẹ̀ títí àdéhùn wọn á fi pé. A gbé Màmá wá síbí. Nílẹ̀ wa, àna ò kúkú gbọdọ̀ sùn sábẹ́ òrùlé àna, wọn ò sì gbọdọ̀ rí ojú ara wọn, ni mo bá tún ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé rẹ́, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀. Èmi á jókòó síta, màá kẹ̀yìn sí ògiri, àwọn á wà nínú. Bá a ṣe ń kíra nìyẹn. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mi ò tíì fojú kan ojú wọn, ohùn wọn nìkan ni mo mọ̀. Ohùn tó dáa ni.

Nabbosa, opó tó wà ní ilé kejì, ló ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lónìí ó jáde wá bá mi, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Ó ní, “Bàbá Kẹ̀kẹ́, Màmá ń tọ̀ sára. Àkísà tí mò ń dì fún wọn ò gbà á mọ́. Wọ́n ti mú mi búra pé Nassuuna ò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé. Ìwọ náà ò gbọ́ o.”

Mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ sí ọjà òkìrìkà lọ ra táwẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta

Báwo lèèyàn ṣe ń wọn ìdí ìyá ìyàwó ẹ̀? Kò ṣeé wọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ò ṣeé sọ lẹ́nu. Nabbosa ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn. Mo bá mú ọ̀já gòmésì Màmá, aṣọ ńlá táwọn obìnrin wa máa ń wọ̀, lórí okùn aṣọ, mo fi ibi tó ti rún látinú dídì wọ̀n ọ́n. Mo gbàgbé pé orí aṣọ ńlá yẹn àti ìró méjì lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń di ọ̀já ọ̀hún lé.

Nabbosa tẹ́ ohun tí mo rán sílẹ̀. Ó wò ó. Ó ní, “Màlúù ta ló fẹ́ wọ eléyìí?”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà ò dùn mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Màmá gbọ́ ìró Arọ. Wọ́n ní, “Àna mi, kí lẹ̀ ń rán?”

Mo ní, “Ìlédìí ni, Màmá. Fún... fún ọmọ kan ládùúgbò.”

Wọ́n ní, “Ṣé ọmọ náà tóbi?”

“Ó sanra díẹ̀, Màmá.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Òwú yín le jù, mò ń gbọ́ ọ láti ibí. Ẹ dẹ ti òkè. Ọmọ ò fẹ́ ohun tó ń fún un.”

Gòmésì ìyàwó ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn rán ní Masaka. Wọ́n mọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rí ìtìjú tó ju èyí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹta

Mo gbẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìsìn. Èmi níta, Màmá nínú. Wọ́n ní kí n ká aṣọ sí mẹ́rin, kí n gé e kí iwájú àtẹ̀yìn fẹ̀, kí àárín rí tín-ín-rín, torí àárín yẹn ló máa gba àárín itan ọmọ. Táwẹ́ẹ̀lì nínú, aṣọ rírọ̀ lójú ibi tó máa kan ara. Ìta — aṣọ agbòjò tó ti bàjẹ́, torí omi kì í gbà á kọjá. Ohùn wọn ń wọ́, ìdajì ẹnu ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ bí mo bá ṣìṣe wọ́n á mọ̀. “Ẹ ti yára jù níbẹ̀ yẹn. Kọ̀nà ni. Ẹ rọra yà á.”

Mi ò rí èèyàn tí màá fi dánra wò, mo bá dì í mọ́ odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fẹ́ sè. Nabbosa bá mi níbi tí mo ti ń so okùn mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nídìí.

“Ẹ gbà mí o! Nassuuna, tètè máa bọ̀ o, orí ọkọ ẹ ti dàrú!”

Mo gbọ́ tí Màmá ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ìgbà àkọ́kọ́ láti Kérésì nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Mo kọjú aṣọ agbòjò sínú, mo kọjú táwẹ́ẹ̀lì síta. Gbogbo omi náà dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Òmùgọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

Ó ṣiṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́!

Màmá ní, “Àna mi, ìyá ọmọ yẹn ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọmọ náà sùn gbẹ.”

Mo lọ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo sunkún. Géńdé ọkùnrin bí èmi.

Báyìí, ọmọ yẹn ti di èdè wa. Ohun tí àna méjì ò lè bára wọn sọ, ọmọ ló ń bá wa sọ ọ́. Bí mo bá ní “Ọmọ ńkọ́, Màmá?”, wọ́n á ní ọmọ ò rí oúnjẹ jẹ lónìí, àbí ẹ̀yìn ń dun ọmọ, àbí ọmọ ń rántí àwọn èèyàn ẹ̀. Àná, wọ́n ní ọmọ náà lá àlá pé òun ń rìn.

Ọdún mẹ́sàn-án lèmi àti Nassuuna ti fẹ́ra wa, Ọlọ́run ò tíì fún wa lọ́mọ. Wò ó, ìlédìí ló wá kún orí okùn aṣọ mi yìí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní oríta tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. “Mukiibi, a ò gbọ́ igbe ìkókó, ìlédìí la kàn ń rí. Níbo lo gbé e pamọ́ sí?” Mo ní kí wọ́n fún mi ní sípánà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹta

Rọ́bà tí mo rán sí ẹnu itan ti jẹ ẹran ara wọn. Itan òsì. Apá ibẹ̀ ò mọ ìrora, wọn ò mọ̀ pé ó ń gé wọn. Nabbosa jáde, ó ju ìlédìí náà mọ́ mi láyà. “Wò ó! Ṣé ẹran lo rò pé ò ń so?”

Mi ò lè kí Màmá. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Àna mi, ọmọ tí kò sunkún, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń dùn ún? Ẹ má fìyà jẹ ara yín.”

Mo tú gbogbo rọ́bà dànù. Okùn tí mo fi aṣọ rán ni mo fi rọ́pò rẹ̀, èyí téèyàn lè fọwọ́ dì, kó sì dẹ̀ ẹ́. Ojú egbò náà ò tíì san.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n Nabbosa kú ní Ssembabule. Ó gbọ́dọ̀ lọ sin ín. Ó ní ọ̀túnla ni òun máa dé. Mo ní kí n bẹ obìnrin mìíràn. Màmá ní rárá. “Nabbosa nìkan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ yẹn ṣe ìran wò.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹta

Òjò láti àárọ̀. Mo gbé ògì sí ẹnu ọ̀nà, mo fi igi tì í wọlé, wọ́n fi ọwọ́ tó dáa fà á.

“Ọmọ ńkọ́, Màmá?”

“Ó ti sùn.”

Lọ́sàn-án, òórùn ti ń jáde wá bá mi níta. Mo tún béèrè. “Ó sùn, mo ní ó sùn. Àna mi, ẹ lọ jókòó sínú ilé yín, òjò ń pa yín.” Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ọmọ tó sùn kì í mí bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó sínú òjò. Kí ni mo lè ṣe? Kí ni mo lè ṣe?

Ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹta

Nabbosa ò dé. Wọ́n ní omi ti bo afárá.

Wọn ò jẹ ògì. Wọ́n ń kérora, nígbà tó yá wọn ò kérora mọ́, èyí ló sì dẹ́rù bà mí jù. Mo ní, “Màmá, ọmọ ń ké. Mo fẹ́ wọlé.”

“Ẹ ò gbọdọ̀.”

“Ọmọ ò ní àna, Màmá. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ìkókó ní àna?”

Wọ́n ní, “Mukiibi, mo bẹ̀ ọ́.” Wọn ò pe orúkọ mi rí.

Mo wọlé.

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìró bo ojú. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tú u, mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, mo nù wọ́n gbẹ, mo fi oògùn sí egbò. Egbò náà ti jìn. Mo ń gbójú sókè wo igi àjà, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè máa wo àjà kó máa wẹ egbò. Mo rí ohun tí mi ò yẹ kí n rí. Mo di èyí tó gbẹ mọ́ wọn, mo dẹ okùn apá òsì dáadáa, mo jáde. Ìró yẹn ń gbọ̀n lójú wọn.

Bó bá jẹ́ èèwọ̀, kó jẹ èmi nìkan.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹrin

Nabbosa dé. Mo jókòó sí àyè mi, mo kẹ̀yìn sí ògiri. “Ẹ káàárọ̀, Màmá.”

Wọn ò dáhùn.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹrin

Wọn ò dáhùn. Nabbosa ní wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀, ara wọn ò gbóná mọ́. Tí òun bá ti dárúkọ mi, wọ́n á yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹrin

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, “Màmá, ẹ bú mi. Ẹ gbé mi ṣépè, mo fara mọ́ ọn, ẹ ṣáà sọ̀rọ̀.” Mo ní, “Ọmọ ńkọ́?” Ilé náà pa lọ́lọ́ bí ẹni pé kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀. Inú ń bí mi o, n ò ní í purọ́. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹrà ni? Inú bí mi, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ń wá ohùn yẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá yìí.

Mo rán ọ̀kan tuntun. Ó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti rán. Nabbosa gbé e wọlé, ó sì gbé e jáde padà. Wọ́n ní kó di àkísà fún àwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹrin

Nassuuna pè. Ọ̀gá rẹ̀ yá a ní fóònù.

Nabbosa gbé fóònù wọlé fún Màmá, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta torí Màmá ò lè gbé e sétí pẹ́. Èmi wà ní àyè mi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra, bí Nassuuna ṣe ń béèrè nípa ẹsẹ̀, bí Màmá ṣe ní ẹsẹ̀ ń gbádùn. Lẹ́yìn náà Màmá gbóhùn sókè, kí n lè gbọ́ níta ni:

“Bá mi sọ fún ọkọ rẹ. Ọmọ tó ń rán ìlédìí fún, ọmọ náà ti kú. Kó má rán nǹkan kan mọ́.”

Nassuuna ní, “Ọmọ wo, Màmá?”

Màmá ò sọ̀rọ̀.

“Màmá, ọmọ ta ni? Mukiibi bímọ?”

Nabbosa sáré jáde, ó fi fóònù há mi lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta. “Sọ fún un! Sọ òótọ́ fún un!” Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn Nassuuna ti yí padà. “Mukiibi. Látọjọ́ yìí. Mo wà níbí, mò ń nu ìdí ọmọ ọlọ́mọ. Ta ló bímọ fún ọ?”

Bí mo bá ní kò sí ọmọ kankan, ìyá rẹ ni, mo gbọ́dọ̀ sọ ìtọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ egbò, mo gbọ́dọ̀ sọ pé mo wọlé. Kí Màmá sì wà níbẹ̀ kí wọ́n máa gbọ́. Màá tún ṣí ìró yẹn kúrò lójú wọn lẹ́ẹ̀kejì, lójú ọmọ wọn. Mo dúró kí Màmá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ti tó. Nabbosa la ẹnu, mo mi orí fún un, ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Màmá ò sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Ọmọ kan wà, Nassuuna. Ó ti kú.”

Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin.

Mo ní obìnrin ni.