Ọkùnrin Inú Férémù Tí Mo Ń Bẹ̀

Ilinca ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bukarẹ́sítì, ṣé òtútù ò mú ọ jù? O ò ní fẹsẹ̀ kọ ní ìgboro o. Àwa náà wà, ó kàn rẹ̀ wá ni. Ìgbáròkó ṣì ń dun bàbá rẹ, màlúù wa ò fún wa ní wàrà mọ́, yìnyín sì ti wó òrùlé ilé adìẹ.

Ọ̀rọ̀ àwòrán tí o gbé wá nígbà Àjíǹde ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní kí n gbé e kọ́ síbi tó dára, o sì sáré wọkọ̀ lọ. Ibo ló tún dára nílé wa ju igun tí a gbé àwòrán àwọn ẹni mímọ́ kọ́ sí, tí a ti ń gbàdúrà lọ? Mo gbé e kọ́ sáàárín Màríà àti Nikólà Mímọ́, mo fi aṣọ oníṣẹ́ ọnà ìyá mi bò ó lórí, mo tan fìtílà síwájú rẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ojú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà ní pàṣán, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ́ lórí, ni mo bá ní ajẹ́rìíkú ni, àwọn Tọ́ọ̀kì ló pa á nítorí Jésù. Àràárọ̀ ni mo ń bẹ̀ ẹ́.

Àfi bí àlùfáà Visarion ṣe wá wọ́n omi mímọ́ sílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dé iwájú rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ní ta nìyí. Mo ní ṣé àwọn náà ò mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n fi awò ojú ka ìwé tíntìntín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní akéwì ni, ewì ìfẹ́ ló ń kọ láyé àwọn bàbá ńlá wa. Wọ́n ní irin ni wọ́n fi fín ojú rẹ̀ sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ìyẹn ló fa ìlà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á, kò láya, kò bímọ. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ìgbáròkó wọn fi ń ta wọ́n, wọ́n ní àbájọ, gbogbo ìgbà táwọn bá bẹ̀ ẹ́ kó wo àwọn sàn, orin ló kàn máa ń wá sáwọn lẹ́nu.

Ojú tì mí, àmọ́ àánú rẹ̀ ló ṣe mí jù. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò lẹ́ni tó ń gbàdúrà fún un, èmi wá di ẹrù tèmi lé e lórí. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá mi. Tó bá di Sátidé àwọn òkú, tí ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbàdúrà fún wọn, màá se àlìkámà ìrántí òkú fún un pẹ̀lú oyin àti àsálà, àlùfáà á sì pe orúkọ rẹ̀ mọ́ tàwọn òkú wa. Bówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, oyin ti wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí ni pé kó bá mi mú ọ wálé. Mo rò pé ìwọ lo gbé e wá, kò ní ṣàì mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ. Ní báyìí, mi ò rẹ́ni rán mọ́, ìwọ fúnra rẹ ni mo ń bẹ̀. Ọlọ́run tó ṣọ́ àlọ rẹ á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ó kàn jẹ́ pé àlọ nìkan ni mo ṣì rí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Paraschiva