Ọ̀rọ̀ Tó Di Ó-ku-díẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, tìrẹ àti ti ẹni tó ń bẹ nínú rẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ara àwa náà dá ṣáṣá. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó gbàgbé. Ó mọ̀ mí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Orí tábìlì iṣẹ́ ni mo ti kà á, àárín ayùn àti òòlù, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì "anon" tí ìwọ olùkọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ mọ́, "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀" ló túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀! O ní "ọ̀kan" ló wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú "lẹ́ẹ̀kan náà" tiwa. Àṣé àwọn Òyìnbó ayé àtijọ́ ló ń wí "anon" láì dìde lórí àga, tí ọ̀rọ̀ náà fi rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó di "tó bá yá". Wọn ò kúkú parọ́, wọn ò kàn tíì dìde ni.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ń lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Gbogbo àdúgbò ló ń pe èmi káfíńtà ní Ó-ku-díẹ̀, torí èsì tí oníbàárà máa ń gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Ìyá rẹ pàápàá, bí ebi bá lé mi dé ilé ìdáná, á ní, "Ó-ku-díẹ̀, oúnjẹ yín náà ku díẹ̀ o." Ibùsùn tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bí ọ, kó tó parí, o ti ń sáré kiri, a sọ ọ́ di àga. Ìdí nìyẹn tí o fi kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ lẹ́tà pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 'ó ku díẹ̀' kí ọmọ mi káàbọ̀."

Ó dùn mí, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í dẹ́rù ba bàbá rẹ. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà pé tiwọn ló ku díẹ̀, mo sì dojú kọ ibùsùn tí o ní kí n kàn fún ọmọ rẹ. Mo fọwọ́ ra gbogbo ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà wò kí ẹ̀gún igi má baà gún ọmọ. Ìyá rẹ mì ín tìtì, kò yẹ̀. Nígbà tí kò rí àléébù kankan, ó lọ bu oúnjẹ wá, kò sì ku díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi. Wẹ́rẹ́ ni wàá bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ó-ku-díẹ̀

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: má kọ̀wé béèrè ìgbà tí ibùsùn máa dé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ awakọ̀ tó fún ọ ní lẹ́tà yìí ló wà. Yọjú síta. "Anon" ni, ti ayé àtijọ́.