Bẹ́ǹṣì Tí Bàbá Mi Kàn ní Kóòtù

Bàbá mi, káfíńtà Ajah,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. A ti gba ayálégbé sí ṣọ́ọ̀bù yín, ọ̀dà ló ń tà, òórùn rẹ̀ sì ti borí òórùn pákó níbẹ̀. Inú ń bí mi sí i, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún yín kí ẹ tó lọ.

Ẹ rántí ìgbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí mò ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó lọ́yà rò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wá wò mí ní kóòtù, ẹ rí i pé ọkùnrin tí mò ń gbẹjọ́ rẹ̀ rò ń bojú wẹ̀yìn ṣáá, kò sì sí ẹbí rẹ̀ kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń wá. Ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó wọ aṣọ Jímọ̀ yín, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo bi yín pé kí lẹ ń wá níbẹ̀ gan-an. Ẹ ní, "Lọ́yà, ó yẹ kó rí ẹnì kan."

Bẹ́ǹṣì yẹn máa ń mì. Lọ́jọ́ kan ẹ mú òòlù àti ìṣó wá, díẹ̀ ló kù kí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà tì yín mọ́lé. Ojú tì mí, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Nígbà tí kóòtù parí, akọ̀wé jẹ́ kí ẹ kàn án.

Nígbà tí àìsàn yín bẹ̀rẹ̀, mo fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, mo lọ sí ọ́fíìsì aládàáni kan ní Lekki. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Ẹbí onílẹ̀ kan láti Ibeju-Lekki ni oníbàárà mi báyìí. Tí wọ́n bá ní ẹjọ́, wọ́n á kún kóòtù débi pé àwọn mìíràn á dúró. Wọn ò nílò yín, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Tí ẹ bá ti pè mí lọ́jọ́ Ajé pé ọjọ́ wo lẹjọ́, mo máa ń ní kò sí ẹjọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn ìsìnkú yín ni Màmá sọ fún mi pé ẹ máa ń wọ aṣọ Jímọ̀ kí ẹ tó pè mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa? Ṣé ó dùn yín?

Lánàá, ní kóòtù yẹn kan náà, mò ń dúró de ẹjọ́ mi. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní Ikate ni wọ́n kọ́kọ́ pè, lọ́yà tuntun kan láti ibi iṣẹ́ ìjọba tí mo fi sílẹ̀ ló sì ń gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó tún bojú wẹ̀yìn. Mo dìde láàrin àwọn lọ́yà, tèmi ti ẹ̀wù dúdú mi, mo lọ jókòó sí àyè yín. Bẹ́ǹṣì náà ò mì rárá. Ọkùnrin náà rí mi, ó sì kọjú síwájú.

Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ tèmi, mo padà sí iwájú. Kí n tó lanu, èmi náà bojú wẹ̀yìn. Ẹbí onílẹ̀ náà ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. N kò rí yín.

Èmi ni,
Lọ́yà yín, tó ṣì ń bojú wẹ̀yìn.